Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Ìrántí Lọ́wọ́?

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní London. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi ibi tí makirofóònù ti kọṣẹ́.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Alága, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín borí lẹ́yìn yín. (Ẹ̀rín.)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrántí àwọn ará ìlú àti ìjọba àwaarawa ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kan lórí fóònù, ó ní: "Kí ló wá kan ìwọ níbẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Màá dáhùn rẹ̀ kí n tó jókòó. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní tèmi: nínú ilé yín, ta ló mọ oríkì ìdílé dé ibi tó ti ń tini lójú?

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ìyá tó bá mọ oríkì á kì ọ́ títí orí rẹ á fi wú, lẹ́yìn náà á kan bàbá ńlá rẹ tó jẹ gbèsè, á kan èyí tó sá lójú ogun, á kan èyí tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko. Kò ní fò ó. Bó bá fò ó, àwọn àgbà á ní kò mọ oríkì náà délé.

Ohun tí mo bá wá síbí kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń rántí ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ìyẹn ò le. Èyí tó ń ṣọ́ ìjọba àwaarawa ni kí orílẹ̀-èdè rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, kí kọ́kọ́rọ́ ìrántí náà má sì wà lápò ẹni tó wà lórí àga.

Òkúta ẹnu ọ̀nà

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kàwé ní Berlin. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, mo ń ti ọjà bọ̀ nígbà tí ọ̀rá tí mo kó ọ̀dùnkún sí já lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo ń gbé. Ọ̀dùnkún yí ká gbogbo etí títì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ìgbà tí mo dé ìdí èyí tó kẹ́yìn ni mo rí i: idẹ pẹlẹbẹ kan, ìbú rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10, òró rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10, tí wọ́n rì mọ́ àárín àwọn òkúta ojú ọ̀nà. Wọ́n fi irin lu lẹ́tà sí i lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èdè Jámánì mi ò tíì já gaara, àmọ́ mo ka ìlà àkọ́kọ́: "Ibí ni ó gbé." Orúkọ obìnrin kan tẹ̀ lé e, ọdún tí wọ́n bí i, ọdún 1942 tí wọ́n kó o lọ, ibi tí wọ́n kó o lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n pa á.

Mo nàró, mo wo fèrèsé òkè. Ilé kan náà ni. Àtẹ̀gùn tí èmi ń gùn ni òun náà gùn sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un.

Oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Gunter Demnig ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní ìlú Cologne, lọ́dún 1992. Stolpersteine ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òkúta ìkọsẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n ri èyí tó pé 100,000 mọ́lẹ̀ ní Nuremberg, ó sì ti kọjá ààlà Jámánì tipẹ́: ó wà ní Ítálì, ó wà ní Ọ́síríà, ó wà ní Họ́láńdì. Àwọn Júù ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ àwọn Roma wà, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà, àwọn aláàbọ̀ ara tí ẹgbẹ́ Násì ti Hitler pa wà. Ará àdúgbò ló sábà máa ń wá ìtàn ẹni náà kàn, àwọn náà ló ń dáwó òkúta. Ọmọ ilé ìwé ni àwọn mìíràn. Ìjọba ò rán wọn níṣẹ́.

Ẹ tún wò ó: kí o tó lè ka orúkọ yẹn, àfi kí o bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa wá túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ Yorùbá?

Gbogbo èèyàn kọ́ ló fara mọ́ ọn o. Lọ́dún 2004, ìgbìmọ̀ ìlú Munich kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ lórí ilẹ̀ ìlú. Charlotte Knobloch, tó jẹ́ olórí àwọn Júù níbẹ̀, tí wọ́n fi pa mọ́ ní kékeré títí ogun fi parí, ló ta kò ó jù. Ó ní àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láyé, ẹ tún fẹ́ kí wọ́n máa fi bàtà tẹ orúkọ wọn. N kò lè bá ìyá náà jiyàn. Ká ní orúkọ ìyá mi ni, tí ajá wá tọ̀ sí i ńkọ́? Láti ọdún 2018, Munich ń gbé àmì tirẹ̀ sára ògiri àti òpó, níbi tí ojú ti lè rí i lóòró. Ọ̀nà méjì, ohun kan náà.

Ní àárín ìlú Berlin, ọ̀kan nínú òkúta yìí ru orúkọ ọmọ Áfíríkà. Bayume Mohamed Husen ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Dar es Salaam ni wọ́n ti bí i, lọ́dún 1904, nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tó bá àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣiṣẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tó dàgbà, ó wá sí Berlin láti gba owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ òun àti bàbá rẹ̀. Owó oṣù ló wá gbà, ẹ̀yin èèyàn mi! Wọn ò san án. Ó dúró, ó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé ọtí, ó ń ṣe eré orí ìtàgé àti sinimá, ó ń kọ́ wọn ní Swahili ní yunifásítì. Lọ́dún 1941 wọ́n mú un nítorí pé òun àti obìnrin funfun kan ní àjọṣe ìfẹ́. Ọdún 1944 ló kú sí àgọ́ Sachsenhausen. Òkúta rẹ̀ dé ilẹ̀ lọ́dún 2007. Owó náà ò dé títí di òní.

Ìwé tó gùn tó ọ̀nà Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ẹgbẹ́ Násì. Lẹ́yìn ogun, ìlà oòrùn Jámánì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Kọ́múníìsì, ìjọba náà sì fi bíi ogójì ọdún ṣọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ lójú méjèèjì. Stasi ni orúkọ tí wọ́n ń pe iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn. Lọ́dún 1989, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 91,000, láì tíì ka àwọn amí inú ilé: aládùúgbò, tíṣà, pásítọ̀, ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀. Lẹ́tà tó o bá gbà, wọ́n á fi ooru omi ṣí i, wọ́n á kà á, wọ́n á tún lẹ̀ ẹ́ padà. Ìgbà tó o jáde, ìgbà tó o wọlé, ẹni tó kan ilẹ̀kùn rẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fáìlì.

Ẹ gbọ́ eléyìí. Wọ́n ń tọ́jú òórùn èèyàn. Wọ́n á pè ọ́ wá dáhùn ìbéèrè, aṣọ kékeré kan á ti wà lórí àga tó o máa jókòó lé. Bó o bá ti lọ, wọ́n á fi irin gbé aṣọ náà sínú ìgò, wọ́n á dé e pa, wọ́n á kọ orúkọ rẹ sí i, wọ́n á máa dúró de ọjọ́ tí ajá wọn máa wá ọ. Mo rí irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Ó rí bí ìgò oyin.

Ògiri Berlin wó ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Kí ni àwọn ọ̀gá Stasi kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìwé jẹ́. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní ìlú Erfurt, wọ́n ń rí èéfín tó ń jáde lẹ́nu ilé Stasi. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, àwọn obìnrin kan ní "Rárá o, ìwé wa lẹ̀ ń sun yẹn," wọ́n kó èèyàn lẹ́yìn, wọ́n sì wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Ìlú mìíràn tẹ̀ lé wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1990, àwọn ará ìlú ya wọ olú iléeṣẹ́ wọn ní Berlin. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé ti gbóná débi tó kọṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á. Ìwé yíya yẹn tó nǹkan bíi àpò 16,000. Lọ́dún 1995, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti tábìlì ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Zirndorf, wọ́n ń to ìjá ìwé mọ́ ìjá ìwé.

Èyí tí wọn ò rí bà jẹ́ ńkọ́? Bí ẹ bá tò ó sórí pẹpẹ, ó gùn tó kìlómítà 111. Ẹ gbé e kalẹ̀ láti Òjótá, ẹ máa tò ó lọ, ẹ ó kọjá Ṣágámù, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn àmàlà Ìbàdàn kó tó tán. (Ẹ̀rín.)

Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n tì í pa. Wọ́n ní bí ọkọ bá ka ohun tí ìyàwó kọ nípa rẹ̀, bí ọ̀rẹ́ bá rí ọ̀rẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn. Àwọn kan fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí ọwọ́ ará ìlú ò ti ní tó o. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tún padà lọ gba olú iléeṣẹ́ yẹn, wọn ò jẹun, wọ́n ní àfi kí àwọn ka ìwé àwọn. Wọ́n sì borí. Òfin jáde ní ìparí ọdún 1991. Láti oṣù Kìíní ọdún 1992, ẹni tí wọ́n ṣọ́ lè wọlé, kó jókòó, kó ka fáìlì rẹ̀. Pásítọ̀ kan, Joachim Gauck, ni wọ́n fi ṣe alákòóso rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, ọkùnrin yẹn kan náà di Ààrẹ Jámánì.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ ṣàn? Kò ṣàn. Omijé ṣàn. Obìnrin ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan tó ti di aṣòfin nígbà náà gbọ́ pé amí tí wọ́n ń pè ní "Donald" nínú fáìlì òun ni ọkọ òun, bàbá àwọn ọmọ òun. Ó kọ ọkùnrin náà sílẹ̀. Ilé mìíràn tún tú bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè láti ka fáìlì ti lé ní mílíọ̀nù 3 báyìí. Èmi ò mọ ibòmíràn láyé tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ di ẹni tó ń kàwé, ẹni tó ń ṣọ́ni di ẹni tí wọ́n ń kà. Ìjọba tó bá mọ̀ pé ìwé òun máa ṣí lọ́jọ́ kan, ṣé kò ní rọra kọ ọ́?

Bí ọba bá gba kọ́kọ́rọ́

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Húńgárì. Lọ́dún 1956, àwọn ará ibẹ̀ dìde sí ìjọba Kọ́múníìsì. Imre Nagy ni olórí ìjọba tó dúró tì wọ́n. Ọkọ̀ ogun Soviet, ìjọba Kọ́múníìsì tó ń darí wọn láti Moscow, wọ Budapest, olú ìlú wọn, ó parí. Wọ́n yẹgi fún Nagy ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1958. Nígbẹ̀yìn, kọ̀rọ̀ itẹ́ òkú kan ni wọ́n sin ín sí, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, láìsí orúkọ.

Ọdún 31 kọjá. Wọ́n hú u, nígbà tó sì di ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1989, wọ́n sin ín bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn. Pósí mẹ́fà ni wọ́n tẹ́ sí gbàgede ńlá Budapest: márùn-ún fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, ìkẹfà ṣófo, fún àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn. Èrò pọ̀ bí eṣú. Ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ ọdún 26, bọ́ síwájú, ó ní kí àwọn ọmọ ogun Soviet máa lọ sílé wọn. Viktor Orbán ni orúkọ rẹ̀. Kó tó pé ọdún kan, wọ́n ti dìbò òmìnira. Ẹ rí i pé òkú ló ṣílẹ̀kùn fún alààyè.

Lọ́dún 1996 wọ́n ṣe ère Nagy, wọ́n gbé e sórí afárá kékeré kan, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù àti fìlà rẹ̀, ó kọjú sí ilé aṣòfin. Àwọn ọmọdé máa ń dúró tì í ya fọ́tò. Ní ìdájí ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2018, kírénì dé, ó gbé e kúrò, wọ́n lọ gbé e síbòmíràn. Ta ni olórí ìjọba nígbà náà? Viktor Orbán. Ọ̀dọ́kùnrin ẹ̀gbẹ́ pósí yẹn náà ni.

Ìjọba ní àwọn fẹ́ dá gbàgede náà padà sí bó ṣe wà kó tó di ọdún 1944, wọ́n sì gbé àmì ìrántí àwọn tí àwọn Kọ́múníìsì pa lọ́dún 1919 síbẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n pa àwọn yẹn. Òótọ́ ni pé Kọ́múníìsì ni Nagy náà. Ohun tó mú kí ìtàn rẹ̀ ṣòro fún ẹni tó fẹ́ ìtàn tó mọ́ tónítóní gan-an nìyẹn: ọmọ ẹgbẹ́ tó dójú kọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n yọ ibi tó ń tini lójú kúrò nínú oríkì.

Ti Rọ́ṣíà tún burú jù. Wọ́n ní ọba kì í pa òkorin. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Memorial. Àkókò tí ìjọba Soviet ń kógbá sílé ni wọ́n dá a sílẹ̀, Andrei Sakharov, onímọ̀ físíìsì tó di ajàfẹ́tọ̀ọ́, sì wà lára àwọn tó ṣíwájú. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa to orúkọ àwọn tí Stalin, olórí Soviet nígbà kan, pa àti àwọn tó rán lọ sí àgọ́ ìjìyà. Títí di ọdún 2019, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún, àwọn ará Moscow máa ń tò lórí ìlà síwájú òkúta kan tí wọ́n gbé wá láti erékùṣù Solovki, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ àkọ́kọ́ wà. Òkúta náà ò jìnnà sí olú iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àbẹ́là á wà lọ́wọ́ wọn, òtútù á máa mú wọn. Bó bá kàn ọ́, wà á gba pépà kan, wà á kà á sínú makirofóònù: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn pa á. Káfíńtà. Awakọ̀ rélùwéè. Tíṣà. Láti àárọ̀ di alẹ́, orúkọ ò ní tán.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Rọ́ṣíà pàṣẹ pé kí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Agbẹjọ́rò ìjọba béèrè nílé ẹjọ́ pé kí ló dé tí àwọn, ọmọ àwọn aṣẹ́gun, á fi máa tijú, tí wọ́n á máa ronú pìwà dà, dípò kí wọ́n máa fi ìtàn wọn yangàn. Ẹ fi ìka ka oṣù. Kó tó pé oṣù méjì, ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti wọ Ukraine. N kò ní èyí ló bí ìyẹn. Mo kàn ní wọ́n kọ́kọ́ pa fìtílà ni, kí wọ́n tó jáde. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fún Memorial ní ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ní Ukraine àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní Belarus tó wà lẹ́wọ̀n nígbà náà.

Ìrántí kì í ṣe ońdè

Àwọn kan nínú yín ti ń wò mí pé ṣé inú Jámánì tó ń rántí yìí náà kọ́ ni àwọn kan ti ń ta ko ìrántí? Mo gbọ́ yín. Ní Berlin, lẹ́bàá Ẹnubodè Brandenburg, òpó kọnkéré 2,711 ló dúró fún àwọn Júù tí wọ́n pa. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣí i. Lọ́dún 2017, Björn Höcke, ọ̀kan nínú àwọn olórí AfD, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ta ko kí àjèjì máa wọ̀lú, dúró ní Dresden, ó pè é ní ohun ìrántí ìtìjú, ó ní kí Jámánì yí ọ̀nà tó ń gbà rántí padà pátápátá. Nínú ìdìbò oṣù Kejì ọdún 2025, ẹgbẹ́ yẹn gba ìdá 20.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Ipò kejì ni wọ́n ṣe.

Nítorí náà ẹ má ṣe so ìrántí mọ́rùn bí ońdè kí ẹ wá lọ sùn. Àmọ́ ẹ tún rántí oṣù Kìíní ọdún 2024. Ìròyìn jáde pé àwọn kan, tí ọmọ ẹgbẹ́ AfD wà lára wọn, ṣèpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Potsdam lórí bí wọ́n á ṣe kó ọ̀pọ̀ èèyàn tí ìdílé wọn ti ibòmíràn wá kúrò nílùú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Àmọ́ ibi tí hòtẹ́ẹ̀lì yẹn wà ò jìnnà sí ilé Wannsee, níbi tí àwọn aláṣẹ Násì ti jókòó lọ́dún 1942 ṣètò bí wọ́n ṣe máa pa àwọn Júù run. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún ará Jámánì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn bọ́ sígboro nínú òtútù. Ìyá arúgbó àti ọmọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n yára kan Sípéènì, alága ti ń wo aago. Nígbà tí Franco, apàṣẹwàá tó ń ṣàkóso wọn, kú lọ́dún 1975, wọ́n gbà láàárín ara wọn pé kí àwọn má tú ẹ̀yìn wò. Wọ́n ṣòfin ìdáríjì lọ́dún 1977. Òkú Franco wà nínú ibojì ńlá títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2019 kí wọ́n tó gbé e kúrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n pa nítorí rẹ̀ ṣì wà nínú kòtò etí ọ̀nà. Síbẹ̀, ìjọba àwaarawa wọn ò wó. Ẹ rí i, ìtàn kì í tẹ̀ lé olùkọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Àmọ́ bí ẹ bá wọ ilé aṣòfin wọn ní Madrid, ẹ gbójú sókè. Ihò ọta tí àwọn ọlọ́pàá ológun yìn sí àjà lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1981, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbàjọba, ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò dí i.

Kí ló wá kàn wá?

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ní òpópónà Wilhelmstrasse ní Berlin, ibì kan wà tí ilé ti wó tipẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jókòó sí lọ́dún 1884 wọ 1885, tí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe máa gba ilẹ̀ Áfíríkà. Ìpàdé yẹn kọ́ ló fa ìlà tó ya Kétu kúrò lára Ìmẹ̀kọ. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló wá fà á lẹ́yìn náà. Àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti pọ́n ọ̀bẹ. Pátákó ìrántí kan wà níbẹ̀ báyìí. Èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Ọdún 2021 ni Jámánì tó fẹnu ara rẹ̀ pè é ní ìpakúpa ẹ̀yà, ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn Herero àti Nama ní Nàmíbíà láti ọdún 1904 sí 1908. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń rántí, àmọ́ wọn ò tíì rántí dé ọ̀dọ̀ wa tán. Àwa la ó máa béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àwa ò mọ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, ta ló ń pa ọjọ́ náà mọ́? Abuja kọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń fi ṣe ìsinmi lọ́dọọdún, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe ti 29 oṣù Karùn-ún. Ọdún 2018 ni wọ́n tó gbà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Àmọ́ ìyẹn ni ohun tí wọ́n ṣe sí wa. Èyí tí àwa ṣe síra wa ńkọ́, nínú ogun Kírìjì, nínú òwò ẹrú tí àwọn olórí wa náà jẹ níbẹ̀? Níbo ni òkúta rẹ̀ wà? Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àsìkò ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí n parí pẹ̀lú ilé mi yẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, tí wọ́n ń rántí òru tí wọ́n dáná sun ilé ìjọsìn àwọn Júù lọ́dún 1938, mo jáde láàárọ̀, mo rí màmá kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àkísà àti ọṣẹ nu idẹ yẹn. Mo bi í bóyá ó mọ obìnrin náà rí. Ó ní lẹ́yìn ogun ni wọ́n bí òun, ìlú mìíràn ni òun ti wá. Ó ní orúnkún ti ń dun òun. Ó na àkísà náà sí mi. Mo kúnlẹ̀. Idẹ tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í dán, láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́.

Mo sọ fún un pé mo máa kó lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní: "Ẹni tó bá gba yàrá rẹ ni kí o sọ fún."

Nígbà tí ọmọkùnrin tó gba yàrá náà dé, mo kó kọ́kọ́rọ́ méjì lé e lọ́wọ́, ti ẹnu ọ̀nà àti ti yàrá, mo gbé àkísà lé e. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń fi aṣọ yìí ṣe. Mo mú un sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ ṣeun. Ẹ lè máa béèrè.